Kí Ẹ Tó Tẹ Bánà: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Ọ̀rọ̀ Ààbò Òkun Láàárín Orílẹ̀-èdè

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ méjì kan wá bá mi nílé ní Lágéré, ní Ifẹ̀. Wọ́n ti jáde yunifásítì, wọ́n ti dá NGO sílẹ̀, wọ́n sì ká àwòrán ilẹ̀ ńlá kan dání. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi. Wọ́n ti fi búlúù kun ojú òkun láti Àgbádárìgì títí dé Kútọnu, wọ́n wá fa ìlà onígun mẹ́rin yí i ká bí ẹni ń wọn púlọ́ọ̀tì ní Parakin. "Ẹ̀gbọ́n, MPA wa nìyẹn. Ti Nàìjíríà àti Benin." Àgbègbè ojú òkun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ààbò ni wọ́n ń pè ní MPA. Mo bi wọ́n pé apẹja mélòó ni wọ́n ti bá sọ̀rọ̀. Wọ́n wojú ara wọn. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ti náwó lé. Wọ́n ní tíṣẹ́ẹ̀tì 60, bánà mẹ́rin, àti owó ẹni tó ya àwòrán.

Mo mu omi kí n tó fèsì.

Kí ẹnikẹ́ni tó ní mò ń fọ́nnu, ọmọ Ifẹ̀ ni mí. Odò Ọ̀pa ni omi tí mo gbọ́njú mọ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ààbò òkun yìí, ìyá mi máa ń bi mí bóyá Ìgbó Olókun nílé wa ní Ifẹ̀ ni mò ń lọ ṣọ́ tàbí òkun gan-an, torí kò yé wọn bí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ṣe ń gba owó lórí omi iyọ̀. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n wẹ̀ títí dòní. Gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí, mo ti ṣe é, mo tiẹ̀ ṣe òmíràn lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn ọmọ ṣì ń sanwó fún ohun tí mo ti sanwó rẹ̀ tán.

Èkínní, ẹ yé lọ jókòó sí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ nítorí ojú òkun. Ìwé òfin 1999 fi ẹja pípa lójú òkun sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Odò, adágún àti omi inú ilẹ̀ ni wọ́n yọ sílẹ̀ fún àwọn yòókù. Mo mọ àwọn kan tó fi oṣù mẹ́rin pààrà ọ́fíìsì kan, tí wọ́n ń ra ìpápánu fún akọ̀wé, kí ọ̀gá kan tó ṣàánú wọn ní kí wọ́n máa lọ sí Abuja. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkun wà níbẹ̀ láti 2023. Tó bá jẹ́ ọ̀sà lẹ ń sọ, ìyẹn yàtọ̀.

Èkejì, ìbuwọ́lùwé kì í ṣe òfin. Àdéhùn Abidjan lórí ààbò òkun àti etíkun, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1981, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1984, ká etíkun láti Mauritania títí dé South Africa. Ó dáa. Ṣùgbọ́n abala 12 nínú ìwé òfin wa sọ pé àdéhùn tí a bá ilẹ̀ òkèèrè ṣe kò lágbára òfin níbí àfi tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí lọ agbẹjọ́rò kan kí ẹ tó kọ ọ́ sínú ìwé ìtọrọ owó yín pé "òfin ti gbè wá lẹ́yìn."

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ ìdílé tí ẹ wà. RAMPAO, ẹgbẹ́ àwọn àgbègbè ààbò òkun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, ti àwọn ará Mauritania, Senegal, Guinea-Bissau títí dé Sierra Leone ni. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀, ẹ yé kọ ọ́ pé ó wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ ẹja tí àwa wà nínú rẹ̀ ni FCWC tó jókòó sí Tema ní Ghana: Liberia, Côte d'Ivoire, Ghana, Togo, Benin àti àwa. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà péré, ẹ lè fi ìka ọwọ́ kà á.

Ẹ̀kẹrin, ìwé àdéhùn tí ẹ ń pè ní MoU. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sinmi lé èyí díẹ̀.

Ní ọdún kan, àwa mẹ́rin gbéra láti Ifẹ̀ lọ sí Kútọnu. A ti bá NGO kan níbẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. A gba gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì tó ní amúlétutù. Gẹ̀ẹ́sì ni tiwa, Faransé ni tiwọn, owó ògbufọ̀ sì ju owó gbọ̀ngàn lọ. Ọjọ́ méjì gbáko la fi jà lórí bóyá "ìfọwọ́sowọ́pọ̀" ni ká kọ tàbí "àjọṣe". Lọ́jọ́ kejì, mo sọ̀kalẹ̀ lọ wá omi mu, mo bá awakọ̀ wa, ọmọ Àgbádárìgì, ní etí omi, tó ń fi Ègùn bá àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ṣàwàdà. Wọ́n ń sọ ibi tí ẹja wà lóṣù yẹn, ẹni tí àwọ̀n rẹ̀ fà ya, ẹni tó kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Togo. Obìnrin kan tó ń ta àkàrà fún wọn sọ Yorùbá Àjàṣẹ́ sí mi, ó bi mí pé kí là ń ṣe lókè. Mo ní à ń ṣe ìpàdé lórí ẹja. Ó wo àwọn ọlọ́kọ̀, ó wo òkè hòtẹ́ẹ̀lì, ó fún mi ní ṣéńjì mi.

Kò yé mi lọ́jọ́ náà. Mo padà sókè lọ fọwọ́ sí ìwé.

A ya fọ́tò. A fi férémù sí ìwé náà. Ó tó oṣù mélòó kan kí n tó bi ara mi pé, ẹni tó fọwọ́ sí i lọ́hùn-ún, àṣẹ wo ló ní lórí omi? Kò ní. Èmi ńkọ́? Èmi tí mi ò láṣẹ lórí ìwọ̀ ẹja kan ṣoṣo! Ẹni méjì tí kò ni ilẹ̀ jókòó, wọ́n pín ilẹ̀. Férémù yẹn ṣì dúró dáadáa. Àwòrán ìgbéyàwó àbúrò mi ló wà nínú rẹ̀ báyìí.

Ẹ wo ibi tí odò Mono ti ń wọ òkun, lẹ́bàá ààlà Benin àti Togo. Àwọn ìjọba méjèèjì fúnra wọn ló gbé ibẹ̀ lọ síwájú UNESCO, wọ́n sì gbà á ní 2017 gẹ́gẹ́ bí àgbègbè ààbò tí àwọn méjèèjì jọ ni. Ní ìhà Benin, àwọn ará abúlé tún fi ọ̀rọ̀ igi mangrove létí omi lé Zangbeto, eégún àwọn Ègùn tó ń ṣọ́ ìlú, lọ́wọ́. Ibi tí Zangbeto bá ti fi àmì sí, ta ló máa gbé àdá débẹ̀? Ìjọba mú òfin wá, abúlé mú ẹ̀rù wá. MoU tiwa, amúlétutù ló mú wá.

Èyí tó kàn, ẹ̀karùn-ún ni àbí mo ti fo ọ̀kan, ni pípe ìpàdé lásìkò tí ẹja ń jẹ. Mo ṣe é ní Igbókòdá, nílẹ̀ àwọn Ìlàjẹ. A gba ọkọ̀ láti Ifẹ̀, a gba Oǹdó, Ọ̀rẹ̀, Òkìtìpupa, a dé, a ta kánópì, a to àga 200. Èèyàn 11 ló wá, mẹ́fà nínú wọn wá jẹun. Ẹja ṣawá ti wọlé, gbogbo ọkùnrin tó lè fa àwọ̀n wà lójú omi, gbogbo obìnrin sì wà nídìí ẹja yíyan.

Bàbá arúgbó kan ló jókòó síwájú. Mo sọ̀rọ̀ fún bí ogójì ìṣẹ́jú lórí ibi tí a ò ní jẹ́ kí wọ́n pẹja mọ́. Nígbà tí mo parí, bàbá bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo ní Ifẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́. "Ẹ̀yin lẹ lé wa kúrò ní Ifẹ̀ láyé Mọrèmi, a sá wá sétí òkun. Ẹ tún ti tẹ̀ lé wa débí, ẹ fẹ́ lé wa kúrò lórí omi?" Ẹni tó bá mọ ìtàn tí àwọn ará Ugbò nílẹ̀ Ìlàjẹ ń sọ nípa Ifẹ̀ á mọ̀ pé àwàdà náà ní eegun nínú. Wọ́n wá fi kún un: "Ọmọ mi àgbà wà ní Limbe ní Cameroon, àbúrò rẹ̀ wà ní Gabon. Òfin tí o mú wá yìí, ta ló máa bá mi sọ ọ́ fún wọn?"

Mi ò ní èsì. Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tí mò ń wá kiri, inú ilé bàbá yìí ló wà, láti Igbókòdá títí dé Gabon, èmi sì ń fi gbohùngbohùn dí i lọ́wọ́.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe é. Ìjọba Ghana kéde ní 2018 pé òun máa ti òkun pa fún oṣù kan. Àwọn apẹja kọ̀ jálẹ̀, ìjọba sún un síwájú. Ọdún 2019 ni ti àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké tó ṣeé ṣe, láti 15 oṣù karùn-ún sí 15 oṣù kẹfà. Bẹ́ẹ̀ àwọn apẹja kan náà ti ní ọjọ́ tí wọn kì í lọ sójú òkun láyé àwọn baba wọn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún àwọn Fante àti Ga, Ọjọ́bọ̀ fún àwọn Nzema. Wọ́n mọ òkun í fún ní ìsinmi. Ẹni tó ń pàṣẹ ni wọ́n ń wò.

Kí ẹ sì tó gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀ ààbò, ẹ múra sílẹ̀ fún ìbéèrè kan: "Tírọ́là ńkọ́?" Ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n kiri ni tírọ́là. Òfin ẹja òkun wa láti 1992 kò jẹ́ kí tírọ́là fa àwọ̀n nínú máìlì òkun márùn-ún àkọ́kọ́ sí etíkun. Ẹ lọ bi apẹja èyíkéyìí bóyá wọn kì í wọlé lóru, tí wọ́n á fa àwọ̀n àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké ya. Tí ẹ bá dé tí ẹ ní kí ọlọ́kọ̀ kékeré kúrò, tí ẹ ò dárúkọ tírọ́là, ẹ ti parí ìpàdé yín nìyẹn, ẹ máa pín oúnjẹ. Ní Banc d'Arguin ní Mauritania, ọgbà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, wọn kò lé àwọn Imraguen tó ń gbébẹ̀. Àwọn nìkan ló lè pẹja níbẹ̀, ọkọ̀ aláṣọ tí kò ní ẹ́ńjìnnì ni wọ́n sì ń lò.

Àwọn yòókù, mi ò kà wọ́n mọ́:

Ẹ má ra ọkọ̀ ìṣọ́ láìní owó epo.

Ẹ má gbé "30 nínú 100 kó tó di 2030", ìyẹn ìdá ilẹ̀ àti òkun tí wọ́n fẹnu kò ní Montreal ní 2022 pé àwọn máa dáàbò bò, lọ bá apẹja. Ó máa bi yín pé 30 nínú òkun ta ni.

Àdéhùn àárín agbami tí wọ́n gbà ní 2023, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2026, ibi tó kọjá àkóso orílẹ̀-èdè ló wà fún. Máìlì òkun 200 ni tiwa gùn dé. Ọkọ̀ Ìlàjẹ kan kò tíì sọ fún mi pé òun ń ná ọjà níbẹ̀.

Ẹ wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ní ìdí.

Àwọn ọmọ méjì yẹn gbọ́ gbogbo èyí tán, èyí àbúrò wá bi mí pé kí ni káwọn ṣe sí tíṣẹ́ẹ̀tì 60. Mo ní kí wọ́n kó o dání lọ sí Igbókòdá, kí wọ́n lọ jókòó ti àwọn ìyá nídìí ẹja yíyan fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n pín in fún wọn, kí wọ́n má sọ ohunkóhun. Mo bi wọ́n pé àwọ̀ wo ni.

Funfun.