Bí mo ṣe gbé àpótí ìṣirò kúrò lórí òkè àwòrán nínú ROOT

Ìwọ̀n iná mànàmáná tó ń wọ ilé kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo fi ya àwòrán yìí nínú ROOT, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yẹ ìwọ̀n wò, tí a sì fi ń yà á. 220 fóltì ló yẹ kí iná náà dúró lé. Histogram (àwòrán ọ̀pá tó ń fi iye ìgbà tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan wáyé hàn) tí mo kó ìwọ̀n sí bẹ̀rẹ̀ láti 180, ó parí sí 240. Òkè rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ìrù rẹ̀ sì nà sí òsì, torí fóltì máa ń wálẹ̀ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan iná lálẹ́. Apá ọ̀tún lókè yìí gan-an ni ROOT máa ń lẹ àpótí ìṣirò mọ́, ìyẹn àpótí kékeré tó ń kọ àkópọ̀ ìwọ̀n sí. Bí àpótí bá bo òkè, ẹni tó ń wo àwòrán kò ní rí bóyá ìlà tí a fà (fit) bá ìwọ̀n mu níbi tó ṣe pàtàkì jù. Àwọn kan máa ń fi kún gígùn ìlà ìsàlẹ̀ kí àyè lè wà. Mi ò fara mọ́ ọn: ìwọ̀n ni a ya àwòrán fún, àpótí ló yẹ kó yẹra.

Kí n tó gbé àpótí, mo kọ́kọ́ dín ohun tó wà nínú rẹ̀ kù. SetOptStat ló ń yan ohun tí àpótí ń kọ nípa histogram, SetOptFit ló ń yan ohun tó ń kọ nípa ìlà tí a fà:

gStyle->SetOptStat(0);
gStyle->SetOptFit(111);

Bí ẹ bá fi SetOptStat sílẹ̀ bó ṣe wà, tí ẹ sì kọ SetOptFit(1111), ìlà ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án ni yóò kún inú àpótí fún gaus (ìlà onírìsí agogo). Nínú SetOptFit, láti apá òsì, nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti Prob (ìṣeéṣe tí a ṣírò láti inú chi2), èkejì ti chi2/ndf (bí ìlà ṣe jìnnà sí ìwọ̀n tó), ẹ̀kẹta ti àṣìṣe orí pàrámítà (àwọn iye tó ń pinnu ìrísí ìlà), ẹ̀kẹrin ti orúkọ àti iye pàrámítà. Èmi kò nílò Prob, mo sì yọ ọ́. Ẹ má ṣe kọ 0111 o. Nọ́ńbà tó bá fi òdo bẹ̀rẹ̀, C++ (èdè tí a fi ń kọ àṣẹ fún ROOT) á kà á bí òǹkà tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 8, 0111 á di 73, ohun tó máa jáde kò sì ní jẹ́ ohun tí ẹ béèrè.

Ó kan fífa ìlà àti wíwá àpótí:

h->Fit("gaus", "", "", 210, 230);
gPad->Update();
TPaveStats *st = (TPaveStats*) h->GetListOfFunctions()->FindObject("stats");

Mo fi 210 sí 230 há gaus mọ́ torí ìrù apá òsì kì í ṣe ti gaus. Tí a bá fi í kún un, Sigma, ìyẹn ìwọ̀n fífẹ̀ gaus, á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ìlà kejì, Update, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. ROOT kì í ṣe àpótí náà sílẹ̀ de ẹnikẹ́ni, ìgbà tó bá ń ya àwòrán ló ń ṣe é. Bí ẹ bá wá "stats" ṣáájú Update, òfo ni FindObject máa gbé wá, iṣẹ́ á sì dá síbi tí ẹ bá ti fẹ́ lò ó. Bákan náà, bí ẹ bá fi "N" sínú Fit, ROOT kò ní tọ́jú ìlà náà, àpótí kò sì ní ní ohun tó máa kọ nípa rẹ̀.

Ìgbà yìí ni mo wá gbé e lọ sí òsì. X1 àti X2 ni ẹ̀gbẹ́ òsì àti ọ̀tún àpótí, Y1 àti Y2 ni ìsàlẹ̀ àti òkè rẹ̀:

st->SetX1NDC(0.15);
st->SetX2NDC(0.42);
st->SetY1NDC(0.66);
st->SetY2NDC(0.88);
gPad->Modified();
gPad->Update();

NDC túmọ̀ sí pé igun ìsàlẹ̀ lápá òsì ojú àwòrán jẹ́ 0, igun òkè lápá ọ̀tún sì jẹ́ 1, ohun yòówù tí ìwọ̀n yín ìbáà jẹ́. Bí ẹ kò bá tíì yí ààlà padà, férémù wà láàárín 0.1 àti 0.9, ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti 0.15 kí àpótí má baà gun ìlà ẹ̀gbẹ́. Ẹ má fi SetX1 rọ́pò SetX1NDC: tí ROOT bá tún àwòrán yà, á padà sí iye NDC, èyí tí ẹ fi SetX1 kọ á sì parẹ́.

Ohun kan tún wà tó kan àwa tí a fi Faransé kọ́ ìṣirò. 0,15 ni ọwọ́ wa mọ́. Nínú C++, SetX1NDC(0,15) jẹ́ nọ́ńbà méjì, ROOT á sì sọ pé ẹ fún un ní ohun tó pọ̀ jù. Àmì ìdánudúró ni kí ẹ lò, kì í ṣe kọ́mà. Fáìlì ìwọ̀n tó ti inú Excel Faransé wá máa ń ní kọ́mà bẹ́ẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó kà á wọlé.

Títóbi lẹ́tà tẹ̀ lé títóbi àpótí, àfi tí ẹ bá lo SetTextSize. Ìlà mẹ́rin ló wà nínú tèmi (chi2/ndf, Constant tó jẹ́ gíga gaus, Mean tó jẹ́ àárín rẹ̀, àti Sigma), gíga àpótí jẹ́ 0.22, ó sì ṣeé kà dáadáa. Bí fífẹ̀ bá kéré jù, lẹ́tà á súnkì.

Tó bá jẹ́ àwòrán púpọ̀ ló fẹ́ ibì kan náà, gStyle->SetStatX àti SetStatY rọrùn jù. Igun òkè lápá ọ̀tún àpótí ni wọ́n ń sọ. SetStatW àti SetStatH ni fífẹ̀ àti gíga. Ṣùgbọ́n àpótí tí a kò tíì ṣe nìkan ni wọ́n ń bá wí. Histogram tí ẹ ti yà, tí ẹ sì tọ́jú sínú fáìlì ROOT, máa ń gbé àpótí rẹ̀ dání, gStyle kò sì ní mì ín. Irú èyí, FindObject ni kí ẹ padà sí.

Mo tún fẹ́ fi ìwọ̀n ọ̀sán àti ti alẹ́ sórí àwòrán kan. "sames" ni mo fi ya èkejì. "Same" lásán kì í fún un ní àpótí tirẹ̀. Àpótí méjèèjì máa ń bọ́ sórí ara wọn, ó sì máa ń dà bíi pé ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Lẹ́yìn Update, mo wá "stats" lọ́wọ́ histogram kọ̀ọ̀kan, mo gbé ti alẹ́ sí abẹ́ ti ọ̀sán, Y rẹ̀ láti 0.42 títí dé 0.64, mo sì fi SetTextColor kun lẹ́tà wọn ní àwọ̀ ìlà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ lè fi máòsì wọ́ àpótí lọ síbi tó wù yín. Mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti fi wá ibi tó dára, lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi st->GetX1NDC() àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè iye, mo sì máa ń kọ ọ́ sínú mákírò, ìyẹn fáìlì tí mo kọ àwọn àṣẹ wọ̀nyí sí. Iye tó wà nínú mákírò ló máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá fi root -b ya àwòrán láìsí fèrèsé kankan, tí kò sí máòsì tí yóò wọ́ ohunkóhun.