Bí a ṣe ń tú bíréèkì tó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ àtijọ́ mú

Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kì í tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ máa ń fi àmì hàn tipẹ́ kí ó tó dákẹ́ sójú títì. Ẹ ó rí i pé epo tó ń gbé yín lọ sí Ìkìrun, tó sì ń gbé yín padà sí Òṣogbo tẹ́lẹ̀, kò tó mọ́. Bí ẹ bá sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kàkà kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀, ńṣe ni yóò fẹ́ dúró bí ẹni tí wọ́n fà lẹ́wù sẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí ni òórùn ìjóná yóò bẹ̀rẹ̀, tí ríìmù kan yóò sì gbóná ju àwọn yòókù lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lásìkò òjò ni ó sábà máa ń ṣe báyìí ní ìlú wa, nítorí ìpẹtà.

Èmi náà ti fi owó ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Toyota Corolla ọdún 1998 tí mo ń lò ń gbóná lẹ́sẹ̀ ọ̀tún iwájú, mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá kò sì tíì gbé jáàkì sí i tí ó fi ní kí n lọ ra káálípà tòkúnbọ̀, ìyẹn irin tó ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Mo rà á, ó dè é, ní ọjọ́ kẹta ọkọ̀ tún gbóná kí n tó ti Ọláìyá dé Òkè-Fìà. Họ́ọ̀sì rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì wá sínú káálípà ni ó ti bàjẹ́ nínú, owó rẹ̀ kò sì jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó káálípà. Láti ìgbà náà, n kì í ra ohunkóhun kí n tó mọ ibi tí ìdìmú náà ti ń wá.

Láti mọ ẹsẹ̀ tó ń ṣe é, ẹ wa ọkọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtẹ bíréèkì púpọ̀, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ ríìmù kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án, kí ẹ sì fi tọ̀tún wé tòsì. Ẹ má ṣe da omi sí èyí tó gbóná, bí àwọn awakọ̀ kan ti máa ń ṣe, nítorí dísíìkì (irin pẹlẹbẹ tó ń yí pẹ̀lú táyà) gbígbóná tí omi tútù bá bà lójijì lè wọ́ tàbí kí ó sán. Ẹ jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀.

Ilẹ̀ tó le, tó sì tẹ́jú, ni kí ẹ ti ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ fi òkúta há àwọn táyà tí ẹ kò ní gbé sókè, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà nílẹ̀, kí ẹ tó gbé jáàkì, kí ẹ sì gbé ọkọ̀ náà lé sítáǹdì onírin. Jáàkì nìkan kò ṣeé fọkàn tán, búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì sì burú jù ú lọ, nítorí ó máa ń fọ́ lójijì. Ẹ fi jíà sí ọ̀fẹ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí táyà. Kí páàdì, ìyẹn ohun tí káálípà ń tẹ̀ mọ́ dísíìkì, máa ha á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kì í ṣe àrùn. Kí ẹ máa fi agbára yí i ni àrùn. Bí ó bá ń yí dáadáa, ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí ẹ sì tún yí i wò.

Nígbà tí ó bá di mú, ìdánwò kan wà tó ju gbogbo ìyókù lọ. Ní ẹ̀yìn káálípà ni nípù wà, ìyẹn bóòlútì kékeré oníhò tí wọ́n ń gbà tú afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ẹnu rẹ̀ kejì wà nínú ìgò, kí ẹ wá fi sípánà dẹ nípù náà díẹ̀. Bí ọ́ìlì bá tú jáde, tí táyà sì bẹ̀rẹ̀ sí yí wọ́ọ́rọ́wọ́, káálípà yín kò ní ẹ̀bi: ọ́ìlì ni kò rí ọ̀nà padà. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, họ́ọ̀sì ni kí ẹ fura sí, kódà bí ara rẹ̀ bá ń dán, nítorí inú rẹ̀ lè ti wú tí yóò fi máa gba ọ́ìlì wọlé láì jẹ́ kí ó jáde. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lọ wo másítà bíréèkì (èyí tó ń ti ọ́ìlì lọ sí àwọn ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà) àti pẹ́dà fúnra rẹ̀, nítorí pẹ́dà gbọdọ̀ mì díẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí ti másítà. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ti da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ti jíà sínú ike ọ́ìlì bíréèkì rí. Gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ ni yóò wú, gbogbo wọn ni a ó sì pààrọ̀. N kò gba ẹni tí kò ṣe é rí níyànjú láti tú másítà nílé.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dẹ nípù tí táyà kò sì tú, káálípà ló di í mú. Kò sí sípíríǹgì kankan nínú káálípà tó ń fa písítìnì, ìyẹn irin róbótó tó ń ti páàdì, padà. Rọ́bà róbótó kan ló yí písítìnì ká. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, yóò lọ́ tẹ̀lé písítìnì, bí ẹ bá sì gbé ẹsẹ̀, yóò padà sí ipò rẹ̀, yóò sì fa písítìnì sẹ́yìn ní ìwọ̀n tí kò tó mìlímítà kan. Ìpẹtà díẹ̀ ti tó láti ba iṣẹ́ yìí jẹ́.

Ẹ tú káálípà, kí ẹ fi wáyà so ó kọ́, kí ó má ṣe rọ̀ mọ́ họ́ọ̀sì rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yẹ píìnì méjì tí ó ń gbà yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ wò, nítorí níbẹ̀ ni mo ti sábà ń bá àrùn náà. Bí wọn kò bá yọ̀, ẹ fi sáńpépà àti búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà fọ ìpẹtà wọn, kí ẹ sì fi gíríìsì sílíkóònì pa wọ́n, kì í ṣe gíríìsì bíárìn, èyí tí yóò jẹ́ kí rọ́bà wọn wú. Ẹ fọ ibi tí etí páàdì ń jókòó sí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fẹ́ eruku bíréèkì, nítorí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ wà nínú àwọn páàdì àtijọ́ kan. Omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dẹ nípù, kí ẹ sì fi kíláàǹpù ti písítìnì wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá kọ̀, tàbí tí ara rẹ̀ ti jẹ, ìgbà náà ni ó tó àkókò láti pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀ tàbí káálípà fúnra rẹ̀.

Ti ẹ̀yìn tó jẹ́ dúrọ́ọ̀mù (irú bíréèkì tó ń ṣiṣẹ́ nínú irin bí ìkòkò dípò dísíìkì) kò le tó bẹ́ẹ̀: wáyà hándíbíréèkì tó ti pẹtà, tàbí sípíríǹgì tó ti rọ, ni ó máa ń fà á.

Bí ẹ bá ti dè é tán, ẹ bu ọ́ìlì tuntun sí i, irú èyí tí wọ́n kọ sórí ọmọrí ike náà, láti inú agolo tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́: irú èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 3, bí ó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ó tó gbóná dé 205°C, ṣùgbọ́n èyí tó ti fa omi lè hó ní 140°C, bíréèkì tó di ẹsẹ̀ mú sì lè gbóná dé ibẹ̀. Ó tún máa ń bó ọ̀dà ọkọ̀, nítorí náà ẹ tètè fi omi ṣan èyí tó bá ta sí i. Kí ẹnì kan máa tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀, kí ẹ máa ṣí nípù, kí ẹ sì tì í pa kí onítọ̀hún tó gbé ẹsẹ̀, títí afẹ́fẹ́ kò fi ní yọ mọ́ nínú rọ́bà.

Kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, ẹ tẹ pẹ́dà títí yóò fi le. Ẹ wà á jẹ́ẹ́jẹ́ ládùúgbò, kí ẹ tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo ríìmù. Ní ọjọ́ kejì, ẹ fi sípánà yẹ nọ́ọ̀tì táyà wò, kí ẹ sì wo ìwọ̀n ọ́ìlì inú ike. Bí ó bá ti dín, ibì kan ń jò, ọkọ̀ náà kò sì gbọdọ̀ jáde nílé títí ẹ ó fi rí ibẹ̀.