Máìkì ò gbọ́ ohùn Màmá: bí mo ṣe wá ibi tí ohùn ń sọnù sí

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́ lọ́kàn ara mi pé màá gba oríkì ilé wa sílẹ̀ lẹ́nu màmá mi. Màmá ti pé ọdún 78, ọpọlọ wọn ṣì pé dáadáa, kò s'áàárọ̀ kan tí mo kúnlẹ̀ kí wọn tí wọn ò ní kì mí, ṣùgbọ́n ohùn yẹn ti rọ̀ gan-an, kì í ṣe ohùn tí wọ́n fi ń polówó ẹ̀kọ nígbà tí a wà ní kékeré mọ́. Èmi fúnra mi ò mọ ìdajì oríkì yẹn, àwọn ọmọ mi ò mọ̀ ju orúkọ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi tọ́jú owó, mo lọ sí Queen Cinema níbí n'Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ, mo ra máìkì.

Máìkì condenser ni, ó rí gbọ̀ngbọ̀, irin nẹ́ẹ̀tì wà lórí ẹ̀, wáyà kan tẹ̀lé e tí ẹnu ẹ̀ rí bíi ti yíápíìsì. Mo ní ó ti tán nìyẹn, mo kì í bọ láptọ́ọ̀pù, mo ṣí Audacity, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, mo pa fáànù, mo ti fèrèsé, Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo wá ní kí n gbọ́ ọ, ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ kànga. Àwòrán ohùn tó yẹ kó máa fò sókè fò sísàlẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo rí bí òwú ìránṣọ, mítà yẹn ò kúrò ní nǹkan bíi -40 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn ohùn, 0 ni òkè pátápátá lórí mítà yìí, bí nọ́ńbà bá ṣe jìnnà sí 0 ni ohùn ṣe kéré tó). Ohun tí èèyàn ń fẹ́ ni pé kí ibi tó ga jù nínú ọ̀rọ̀ máa dé àárín -12 sí -6.

Mo ní kò burú, ṣebí Amplify wà nínú Audacity, mo gbé e sókè. Ohùn Màmá gòkè lóòótọ́, àmọ́ ariwo kan tẹ̀lé e, ṣààà, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Ohun tó sì bà mí nínú jẹ́ jù ni pé òpin gbólóhùn ni ariwo yẹn ń gbé mì. Ẹ kíyè sí i bí àwa Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀, bí gbólóhùn bá ti ń lọ sópin ni ohùn ń wálẹ̀, tí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn bá wá jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di èémí lásán lẹ́nu àgbàlagbà. Màmá á sọ pé ọkọ̀, ẹni tó ń gbọ́ ò ní mọ̀ bóyá ọkọ ni àbí ọkọ́. Nínú oríkì, ọ̀rọ̀ ìparí yẹn gan-an ló máa ń jẹ́ orúkọ babańlá ẹni.

Ni mo bá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀." Wọ́n gbìyànjú, ikọ́ dé, wọ́n mu omi, wọ́n tún gbìyànjú, oríkì ò dùn mọ́, ó wá dà bí ẹni ń ka nǹkan ní kíláàsì. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ni wọ́n ń fi igbe kì?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo pa láptọ́ọ̀pù dé, mo ní máìkì ló máa wá bá Màmá níbi tí wọ́n wà, Màmá ò ní pariwo fún un mọ́.

Ohun tí ò yé mi rárá nígbà yẹn ni pé tí mo bá fi fóònù mi gba fóísì nóòtì WhatsApp, ohùn Màmá ń jáde ketekete. Fóònù lásán! Mo wá pe bọ̀dá kan ládùúgbò wa tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò. Wọ́n ní fóònù máa ń gbé ohùn tó bá kéré sókè fúnra ẹ̀, á sì máa fa èyí tó bá ga sílẹ̀, àti pé fóònù sábà máa ń sún mọ́ ẹnu. Wọ́n ní kí n má fi fóònù ṣe òṣùwọ̀n. Wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan tó jọ mí lójú: "Ṣé ó dá ẹ lójú pé máìkì tó o rà yẹn gan-an ló ń gba ohùn?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, mo ti kì í bọ̀ ọ́."

Wọ́n ní, "Fi èékánná ha á lórí, kó o máa wo mítà."

Mo ha á. Mítà ò mira. Wọ́n ní kí n wá ha etí láptọ́ọ̀pù, lápá ibi tí kámẹ́rà wà. Mítà fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pupa! Àṣé láti àárọ̀, máìkì kóńkóló tó wà nínú láptọ́ọ̀pù ló ń gbọ́ Màmá láti òdìkejì yàrá, èyí tí mo rà kàn dúró síbẹ̀ bí ère ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ìṣòro yìí, ẹ jọ̀ọ́ ibí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ha máìkì lórí kẹ́ ẹ tó náwó kankan.

Kí ló fà á? Ẹ wo ẹnu wáyà yẹn dáadáa, ẹ máa rí òrùka dúdú lára ẹ̀. Tèmi ní méjì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó wà lára láptọ́ọ̀pù òde òní, tó jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni yíápíìsì ń wọ̀, ẹnu tó ní òrùka mẹ́ta ló mọ̀ gẹ́gẹ́ bíi máìkì, olórùka méjì tí mo kì bọ̀ ọ́, yíápíìsì ló pè é. Àdápítọ̀ kékeré kan wà tó ń pín in sí méjì, ọ̀kan fún máìkì, ọ̀kan fún yíápíìsì. Mo rà á. Nígbà tí mo fi sí i, mo lọ sínú Sound ní Windows, mo tẹ Recording, mo rí máìkì náà, mo sọ ọ́ di default, ìyẹn èyí tí kọ̀ǹpútà á máa lò, mo tẹ Properties, mo lọ sí Levels, mo gbé e dé 100, mo tún gbé Microphone Boost dé +30 dB, ibẹ̀ ló parí sí. Nínú Audacity náà mo yan máìkì yẹn, torí pé Audacity lè máa lo tàtijọ́ lọ bí Windows tiẹ̀ ti yí padà.

Mo ha á lórí, mítà mira. Inú mi dùn. Mo sọ̀rọ̀ sí i, -34.

Àní -34 pẹ̀lú gbogbo Boost yẹn, òjò orí páànù sì tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Bọ̀dá ní kí n fọkàn balẹ̀, wọ́n ní máìkì yẹn ò lẹ́ṣẹ̀, ebi iná ló ń pa á. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nìyí: máìkì condenser ní awọ tín-ín-rín kan nínú, ohùn wa ló ń mì í, ṣùgbọ́n ohun tí awọ yẹn bá mú kéré débi pé ó nílò iná kó tó lè jáde gba inú wáyà kọjá. Iná tó fẹ́ ni fóltì 48, òun ni wọ́n ń pè ní phantom power. Sọ́kẹ́ẹ̀tì láptọ́ọ̀pù ò ní ju fóltì díẹ̀ lọ. Ó wá dà bí ìgbà téèyàn ń lu gángan tí ò fa ọṣán ẹ̀, ìlù ń dún lóòótọ́, àmọ́ kò lè sọ̀rọ̀.

Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló yá mi ní interface, àpótí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú USB, ó tún fún mi ní wáyà XLR gidi, èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta nínú ẹnu ẹ̀ lápá méjèèjì. Ẹ yí bọ́tìnnì gain, èyí tó ń gbé ohùn máìkì sókè, wálẹ̀ pátápátá, ẹ yọ yíápíìsì létí, ẹ so wáyà, lẹ́yìn náà lẹ wá tẹ 48V. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ kọ́kọ́ pa 48V, kẹ́ ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fa wáyà yọ, torí ó lè gbá pàà létí yín. Máìkì dynamic, irú èyí tí àwọn olórin ń gbé lọ́wọ́ lórí pèpéle, kò nílò 48V, ṣùgbọ́n òun máa ń fẹ́ gain tó pọ̀ gan-an, tí interface yín ò bá lágbára, òun náà á kéré lóhùn. Máìkì ribbon àtijọ́, ẹ má tẹ 48V sí i rárá.

Mo tẹ 48V, iná pupa tàn. Mo yí gain dé ìdajì. Òjò orí páànù dá! Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn dùn mọ́ mi létí ju orin lọ. Màmá sọ̀rọ̀, -26.

Ó ṣì kéré o, àmọ́ ó mọ́. Mo lè yí gain sókè sí i, ṣùgbọ́n Bọ̀dá ní kí n fi sílẹ̀, àwọn ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Bí wọ́n ṣe wọlé tí wọ́n rí máìkì lórí tábìlì, wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi ní, "Ta ló kọ́ ẹ kó o dojú orí ẹ̀ kọ Màmá?" Mo ti na orí máìkì sí Màmá bí ìgbà tí oníròyìn ń na máìkì sí gómìnà. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù wọn sínú nẹ́ẹ̀tì yẹn, wọ́n ní kí n yọjú. Mo rí nǹkan roboto pẹlẹbẹ kan tó ń dán bíi wúrà, ó dúró lóòró, ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ojú máìkì nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ló fi ń gbọ́ràn, kì í ṣe orí, ẹ̀yìn ẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n gbé e dúró, wọ́n yí ojú ẹ̀ sí Màmá, mítà kúrò ní -26 ó bọ́ sí -20, a ò tíì fọwọ́ kan gain.

Lẹ́yìn náà wọ́n na ọwọ́ wọn láti ẹnu Màmá dé ibi tí máìkì wà, ó tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Wọ́n ní tí a bá dín àyè yẹn kù sí ìdajì, ohùn á fi nǹkan bíi 6 dB ga sí i, tí a bá tún dín in kù sí ìdajì, 6 dB mìíràn. Mo gbé àpótí ìtìsẹ̀ sórí tábìlì, mo gbé máìkì lé e, ó wá ku nǹkan bí ìka kan, ìyẹn láti orí àtàǹpàkò dé orí ìka kékeré tí èèyàn bá la ọwọ́ sílẹ̀, díẹ̀ ló fi dín. Màmá sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀. -9.

Mi ò yí nǹkan kan o! Àyè lásán ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí máìkì súnmọ́ ẹnu báyẹn, ọ̀rọ̀ tó bá ní f, bíi fìlà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ ẹ̀ á máa fẹ́ lu máìkì, bùù. A yẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sápá kan kó má baà kọjú sí ètè gan-an, mo tún na sítọ́kìn obìnrin sára háńgà tí mo tẹ̀ roboto, mo fi sáàárín. Ó parí.

Nǹkan méjì ló kù tó fẹ́ tún jà mí lólè. Àkọ́kọ́, mo sẹ́ẹ̀tì Audacity sí mono, ìyẹn kó pa gbogbo ohùn pọ̀ sójú kan, ohùn tún já wálẹ̀ pẹ̀lú 6 dB. Interface yẹn ní ihò méjì, máìkì wà ní ìkínní, kò sí nǹkan ní ìkejì, tí kọ̀ǹpútà bá pa méjèèjì pọ̀, ó ń pín ohùn Màmá pẹ̀lú ihò òfìfo ni. Mo gbà á ní stereo, ìyẹn kí ihò kọ̀ọ̀kan ní ojú tiẹ̀, lẹ́yìn náà mo fi Split Stereo to Mono ya wọ́n, mo pa apá ọ̀tún tí ò ní nǹkan kan rẹ́. Èkejì, nínú Properties yẹn náà, Windows ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní enhancements, ó lè máa yọ ariwo kúrò fúnra ẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn jẹ́jẹ́ ni òun náà ń pè ní ariwo, ó ń gé ìparí ọ̀rọ̀ Màmá jẹ. Mo pa á. Mo yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, torí òun ló ń ṣe hùùù lábẹ́lẹ̀, mo lo bátìrì, mo sì pa fíríìjì.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí la gbà á, kí àwọn ará ilé tó bẹ̀rẹ̀ sí í tan jẹnẹrétọ̀. Mo kúnlẹ̀ mo kí Màmá bí mo ṣe máa ń kí wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, wọ́n ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ máìkì. Mo gbọ́ ọ títí dé òpin lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn pẹ̀lú hẹ́ẹ̀dífóònù. Ní ibì kan wọ́n pe orúkọ ìyá wọn, wọ́n dákẹ́, wọ́n gbé itọ́ mì, mo gbọ́ itọ́ yẹn. Mo gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn nígbà tí wọ́n yíjú. Gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ tó wà nípàrí gbólóhùn ló pé, ọkọ̀ ń jẹ́ ọkọ̀.

Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London. Wọ́n pè mí lálẹ́, wọn ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní ṣé Màmá ò tíì ki ìdílé bàbá wa ni. Mo ní rárá, ó ku tiwọn. Mo ti fi báírò sàmì sí ibi tí bọ́tìnnì gain dúró sí, mo fi tépù sàmì sórí tábìlì níbi tí àpótí ìtìsẹ̀ wà, lọ́jọ́ Sátidé a óò tún jókòó.