Kí ẹ tó bá ará òkè òkun wá ilé tí yóò tún ọmọ ṣe

Òru ni àbúrò mi pè mí láti Houston. Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 15, ti ń fa igbó, kò lọ sílé ìwé mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n á ti tún un ṣe n'Ìbàdàn. Iye tí wọ́n bá pè ni màá san." Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági, mi ò kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n mo lọ wo ibi méjì, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀yin náà ṣe máa wò ó.

Ẹ má sọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀. Níbi àkọ́kọ́, wọ́n fi mí jókòó sí ọ́fíìsì tó tutù nini, wọ́n gbé mínírà wá. Mo dúpẹ́, mo ní ibi tí àwọn ọmọ ń sùn ni mo fẹ́ rí, àti ilé ìdáná, àti ṣáláńgá. Wọ́n ní àlejò kì í débẹ̀. Mo dìde, mo bá tèmi lọ.

Wọ́n jẹ́ kí n wọlé níbi kejì. Mo bi ọmọkùnrin kan pé kí ló jẹ láàárọ̀. Ó kọ́kọ́ wo ojú ọ̀gá tó dúró lẹ́yìn mi, kó tó sọ pé, "Ẹ̀kọ àti àkàrà, mà." Mo wo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Awọ ibẹ̀ ti dúdú yíká, ó ń dán, bí ọrùn ewúrẹ́ tí okùn ti bó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo ọrùn ẹsẹ̀. Ní September 2019, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni ọlọ́pàá bá lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Kàdúná. Ní November ọdún náà, ènìyàn 259 ni wọ́n kó jáde nínú òmíràn ní Ọ̀jọ́ọ̀, níbí gan-an. Tí wọ́n bá ní ìjọba fọwọ́ sí ilé àwọn, ẹ gba ìwé rẹ̀ wò, kí ẹ gbé e lọ sí Sẹkitéríàtì l'Ágodi, lọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ fóònù ló ká mi lára jù. Ilé kan wà ní Jàmáíkà, Tranquility Bay, tí wọ́n tì ní 2009. Àwọn òbí Amẹ́ríkà ló ń fi ọmọ ránṣẹ́ síbẹ̀. Ọmọ kì í lè pe ilé títí yóò fi gba máàkì tó tó. Wọ́n á sì ti sọ ọ́ sétí àwọn òbí ṣáájú pé tí ọmọ bá ráhùn, irọ́ ló ń pa kí wọ́n lè wá mú un. Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ ń ké, ìyá ń gbọ́, ìyá ò gbà á gbọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ á máa pè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun nìkan nínú yàrá. Tí wọ́n bá ní kó kọ́kọ́ lo oṣù mẹ́ta ná, ẹ gbówó yín.

Kí ẹ̀yin àti ọmọ sì ní ọ̀rọ̀ àṣírí. Tiwa ni, "Ṣé Màmá Àgbà ti lo oògùn wọn?" Ọdún kẹjọ rèé tí Màmá Àgbà ti kú. Tí mo bá gbọ́ ọ, mo ń bọ̀ lọ́jọ́ náà.

Páàsípọ́ọ̀tì ọmọ, ọwọ́ ẹbí ni kó wà.

Ẹ má fi irọ́ tan ọmọ wálé. Ní 2024, àwọn òbí kan ní Lọ́ńdọ̀nù sọ fún ọmọ wọn pé ẹbí kan ń ṣàìsàn ní Gánà. Ilé ìwé bọ́dìńgì ni wọ́n fi í sí. Ẹ̀rù àwọn ọmọ ìta ló bà wọ́n, irú ẹ̀rù tó ń ba àbúrò mi náà. Ọmọ ọ̀hún pè wọ́n lẹ́jọ́.

Ọ̀dọ̀ mi ní Mọ́kọ́lá lọmọ wa wà báyìí, ó ń lọ rí dókítà ní UCH. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, á mú fóònù lọ sí ẹ̀yìnkùlé, á pe ìyá rẹ̀, èmi á sì pa ilẹ̀kùn dé.