Bí mo ṣe gba Àdùkẹ́ padà láti Paarl

Owó tí mo san lórí ẹṣin kan ṣoṣo lọ́dún 2016 ju owó ilé mi ti oṣù méjì lọ. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Ìparí oṣù kẹta ni mo gbé Àdùkẹ́, abo ẹṣin mi, láti Cape Town lọ sí Paarl, ní South Africa, kí olùkọ́ kan lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ọ. A ò tíì gbé e padà tí àrùn ẹṣin ilẹ̀ Áfíríkà, tí gbogbo wa ń pè ní AHS, fi bẹ́ sílẹ̀ ní Paarl.

Àrùn yìí kì í ràn nípa ìfarakanra. Kantíkantí ló ń gbé e kiri, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́ àti kùtùkùtù. Omi á kún ẹ̀dọ̀fóró ẹṣin, ìfófó á máa yọ nímú rẹ̀, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin fi pín Western Cape, ìpínlẹ̀ tí ìlú méjèèjì wà: Cape Town ni àrùn ò gbọ́dọ̀ dé rárá, agbègbè ìṣọ́ yí i ká, agbègbè ààbò wà lẹ́yìn ìyẹn. Agbègbè ìṣọ́ ni Paarl wà. Bí àrùn bá yọjú níbẹ̀, dókítà ẹran ti ìjọba á ti ọ̀nà: ẹṣin ò gbọ́dọ̀ jáde, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ò gbọ́dọ̀ jáde. Abẹ́rẹ́ àjẹsára pàápàá, àfi kéèyàn gbàṣẹ, torí kòkòrò àrùn ààyè tí wọ́n ti dín agbára rẹ̀ kù ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí pé ó tún lágbára padà.

Mi ò bá òfin yẹn jà. Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, mo mọ ẹṣin í tọ́jú. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ fèrèsé ilé rẹ̀. Àárọ̀ àti alẹ́ la ń wọn ìgbóná ara rẹ̀, kò sì kọjá 38°C lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ 19 tí mo tún lò lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọ̀nà ni mi ò lè gbàgbé. Nínú páásì ẹṣin, ìyẹn ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀, wọ́n máa ń ya àwòrán ẹṣin, apá òsì àti apá ọ̀tún, wọ́n á fi gègé pupa sàmì síbi tó bá funfun. Ọkùnrin tó wá yẹ Àdùkẹ́ wò nítorí ìwé àṣẹ tí mo máa fi gbé e jáde kúnlẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ìwé, ó tún wo ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì Àdùkẹ́ ló funfun. Ọ̀tún ni wọ́n sàmì sí.

"Ẹṣin yìí kọ́ ló wà nínú ìwé yìí."

Ọdún mẹ́ta ni mo ti ní páásì yẹn! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gún ẹṣin náà lábẹ́rẹ́ tí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀. Dókítà tó máa tún àwòrán yà ò ráyè títí di Ọjọ́bọ̀. A fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì páásì ní Johannesburg, wọ́n dá a padà: ẹni tó ta ẹṣin fún mi ò buwọ́ lù ú. Onítọ̀hún ti rìnrìn àjò, fóònù rẹ̀ ò lọ. Mo ń pe ọ́fíìsì lójoojúmọ́, mo sì ń sanwó ilé ẹṣin lójoojúmọ́. Àṣìṣe ọwọ́ ẹlòmíràn, èmi ni mo ń sanwó rẹ̀.

Nígbà tí páásì tuntun dé, wọn ò lò ju wákàtí méjì lọ tí wọ́n fi fún mi níwèé àṣẹ. Mo wa tírélà náà fúnra mi, Àdùkẹ́ sì gùn ún láìjanpata.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹṣin, ẹ dúró tì í pẹ̀lú páásì lọ́wọ́, kí ẹ fi àwòrán wé ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sanwó. Láti oṣù kejì títí dé oṣù karùn-ún, ìgbà tí kantíkantí pọ̀, èmi ò tún ní fi ẹṣin mi sílé ẹlòmíràn. Ẹ sì jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ ẹni tó máa sanwó bí ìjọba bá ti ọ̀nà. Tèmi ò sí nínú ìwé kankan, mo sì san gbogbo rẹ̀.