Owó Páálí Wà Nínú Owó Ọjà: Ìṣirò Excise fún Ẹ̀yin Tó Ń Ṣe Ohun Èlò Ìpẹja ní Amẹ́ríkà

Ìwé owó ni mo ń bójú tó fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní Houston, àwọn tó ń ṣe ìwọ̀, ìjẹ àtọwọ́dá àti ọ̀pá ìpẹja sì pọ̀ nínú wọn. Kò sí ẹni tí kì í bi mí bóyá owó páálí wà lára iye tí a fi ń ṣírò owó-orí excise, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe irú ọjà yìí tó sì tà á. Ó wà lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá.

Abala 4216(a) nínú òfin owó-orí Amẹ́ríkà kò fi èyí pa mọ́ sábẹ́ ahọ́n. Ohun tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ oníbàárà fún ohun tí ẹ fi bo ọjà tàbí tí ẹ kó o sí, irú yòówù kó jẹ́, àti owó iṣẹ́ dídì í títí tó fi ṣeé gbé sọ́kọ̀, ara owó ọjà ni. Bí ẹ tilẹ̀ kọ ọ́ sórí ìlà tirẹ̀ nínú ínfọ́ìsì, kò yí i padà. Ẹlẹ́kọ kì í dá owó ewé gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ra ẹ̀kọ.

Ohun tí òfin yọ sílẹ̀ ni owó ọkọ̀, owó ìfijíṣẹ́ àti owó ìbánigbófò tí ẹ san lórí ọjà tí ẹ ti tà, pẹ̀lú excise fúnra rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Wọ́n á kọ “shipping and handling” (owó gbígbé àti dídì ọjà) sórí ínfọ́ìsì, iye kan ṣoṣo níwájú rẹ̀. Dídì ọjà wà nínú owó-orí, gbígbé e kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti pò wọ́n pọ̀, ẹ̀rí wo lẹ fẹ́ fi yọ owó ọkọ̀ tí wọ́n bá bi yín? Ẹ pín in sí ìlà méjì kí ínfọ́ìsì tó jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan. Alágbàtà kan ra ìjẹ àtọwọ́dá $400. Páálí kékeré àti ọ̀rá tí ìjẹ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀ jẹ́ $30. Páálí ńlá, téèpù àti bébà tí ẹ ká sínú rẹ̀ jẹ́ $20. Ẹ gba $50 fún ọkọ̀, ṣùgbọ́n $35 ni ẹ san fún àwọn tó gbé e. Ọjà àti páálí di $450. Nínú owó ọkọ̀, $35 tó jáde lọ́wọ́ yín nìkan lẹ lè yọ. $15 tó kù ń padà sínú owó ọjà, ó di $465. Ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó-orí ìjẹ àti ìwọ̀, ẹ ó san $46.50. Bí excise bá ti wà nínú iye yẹn tẹ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi 1.10 pín in.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá ìpẹja yàtọ̀ díẹ̀. Ìdá 10 náà ni, ṣùgbọ́n kì í kọjá $10 lórí ọ̀pá kan. Ọ̀pá $96 tó wà nínú páálí gbọọrọ $6 ti kan òkè: $10 dípò $9.60. Tí ọ̀pá bá jẹ́ $150, páálí kò lè fi kọ́bọ̀ kún un, nítorí náà ọ̀pá olówó pọ́ọ́kú ni kí ẹ fi ojú sí.

Àpótí tí oníbàárà máa dá padà ńkọ́? Ní Íńdíà nígbà kan rí, òfin excise wọn yọ owó àpótí tó lágbára tó sì ń padà wá. Ní 1985 pàápàá, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ wọn yọ páálí ńlá tí ilé-iṣẹ́ sìgá Godfrey Phillips fi ń dáàbò bo sìgá lójú ọ̀nà. Ẹ má mú ìyẹn wá síbí. Lọ́jọ́ tí ẹ tà á, gbogbo owó àpótí wọlé. Ìgbà tí àpótí bá padà tí ẹ sì dá owó padà fún oníbàárà ni abala 6416(b)(1) tó jẹ́ kí ẹ gba owó-orí orí rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin tó ń kó ọjà láti Ṣáínà wọlé, ẹ̀yin náà lẹ ó san án. Ẹni tó bá sì ń tà fún apẹja fúnra rẹ̀, kì í ṣe fún alágbàtà, abala 4216(b) ní ọ̀nà ìṣirò mìíràn fún un. Kó wá oníṣirò owó tó mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ kí ẹ san án pé. Láti 1950, lábẹ́ òfin Dingell-Johnson, owó yìí ni àwọn ìpínlẹ̀ fi ń sin ẹja sínú odò àti adágún, tí wọ́n sì fi ń ṣe ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà wọ omi. Odò yẹn ni àwọn oníbàárà yín ń lọ.

Form 720, ìwé tí a fi ń ròyìn excise fún ìjọba, ni ẹ ó kọ: nọ́ńbà 41 fún ìwọ̀ àti ìjẹ, 110 fún ọ̀pá. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ni 30 Oṣù Kẹrin, 31 Oṣù Keje, 31 Oṣù Kẹwàá àti 31 Oṣù Kìíní. Ẹ so ríṣíìtì ọkọ̀ mọ́ ẹ̀dà ínfọ́ìsì kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí ọjà bá jáde, kí iye orí méjèèjì ṣeé fi wéra.