Bí A Ṣe Ń Fi Òǹtẹ̀, Íńkì àti Páúdà Embossing Ṣe Káàdì Ìkíni

Embossing ni pé kí a da páúdà sórí íńkì tó ṣì tutù, kí a fi ooru yọ́ ọ, kí àwòrán lè wú síta. Íńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ kí ẹ tó ra òǹtẹ̀ kankan. Ọ̀pọ̀ káàdì tó ń bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́, kì í ṣe ẹ̀bi òǹtẹ̀. Íńkì tó yẹ kó tètè gbẹ ni kò gbẹ, tàbí kí èyí tó yẹ kó ṣì tutù nígbà tí páúdà bá dé bá a ti gbẹ tán.

Íńkì dye máa ń wọnú bébà, kì í pẹ́ gbẹ, ìlà rẹ̀ sì máa ń mọ́ rekete. Àmọ́ oòrùn máa ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, bí omi bá sì kán sí i, ó lè ràn ká. Íńkì pigment nípọn ju ìyẹn lọ. Òkè bébà ló máa ń jókòó sí, kì í tètè ṣá, ó sì pẹ́ kó tó gbẹ. Lórí bébà tó ń dán, ó lè má gbẹ rárá àfi tí ẹ bá fi atẹ́gùn gbígbóná gbẹ ẹ́. Íńkì embossing kì í sábà ní àwọ̀. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó sì ń pẹ́ gbẹ, torí pé kó di páúdà mú ni wọ́n ṣe ṣe é. Íńkì solvent ni ti ike, dígí àti irin, ẹ kò sì nílò rẹ̀ fún káàdì lásán. Bó bá jẹ́ méjì péré ni agbára yín ká, ẹ ra dye dúdú kan àti íńkì embossing aláìláwọ̀ kan. Wọ́n tó ṣe káàdì tó lẹ́wà fún ọjọ́ pípẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fi máká tó ní sípírítì nínú kun àwòrán tí ẹ tẹ̀, íńkì tí sípírítì kò lè yọ́ ni kí ẹ lò. Bó bá jẹ́ ọ̀dà olómi ni, ẹ wá íńkì tí omi kò ràn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára páàdì, ìyẹn ohun rírọ̀ tí íńkì wà nínú rẹ̀, nìkan: ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí àjákù bébà, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá fa máká kọjá lórí rẹ̀.

Bébà

Bébà A4 tó wúwo tó gíráàmù 250 sí 300 ní mítà onígun mẹ́rin kan ló dára fún ara káàdì. Èyí tó fẹ́lẹ́ ju 200 lọ kì í lè dá dúró. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ̀lọ̀, torí bébà tó rí gbákugbàku kì í gba gbogbo ìlà òǹtẹ̀.

A4 fẹ̀ ní mìlímítà 210, ó sì gùn ní 297. Ẹ gé gígùn rẹ̀ sí méjì ọgbọọgba, kí ẹ wá ṣẹ́ ègé kọ̀ọ̀kan po ní mìlímítà 105. Káàdì A6 nìyẹn, àpòòwé C6 ló sì bá a mu. Àwọn mìíràn máa ń la A4 sí méjì ní òró, kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ po láàárín. Ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ máa ń ya, torí pé nínú ọ̀pọ̀ bébà A4, fọ́nrán inú rẹ̀ tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí èèyàn bá sì ṣẹ́ ẹ lódìkejì, fọ́nrán náà á já. Bí bébà yín bá ṣàjèjì sí yín, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ ní òró, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ní ìbú, láì jẹ́ kó ṣẹ́. Ìhà tó bá ti rọrùn láti tẹ̀ ni kí ẹ ṣẹ́ ẹ sí.

Kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ, ẹ fi bíró tí íńkì rẹ̀ ti tán fa ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà irin, kó ní kòtò díẹ̀ láì gé bébà. Òdìkejì kòtò náà á wú díẹ̀. Ìhà tó wú yẹn ni kó wà nínú káàdì nígbà tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ.

Ẹ má tẹ òǹtẹ̀ sára káàdì fúnra rẹ̀. Ẹ gé bébà mìíràn tó jẹ́ mìlímítà 95 ní ìbú àti 138 ní gígùn, kí mìlímítà 5 lè ṣẹ́ kù yí i ká, kí ẹ sì ṣe gbogbo iṣẹ́ òǹtẹ̀ àti ooru lórí ìyẹn. Bó bá bàjẹ́, ègé kékeré kan ló lọ. Bí ooru bá sì ká a kò, ara káàdì á ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ.

Òǹtẹ̀ títẹ̀

Òǹtẹ̀ rọ́bà tó wà lórí igi le, ó sì ń tọ́jọ́. Òǹtẹ̀ ike tó mọ́ gaara, tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ike líle kí a tó tẹ̀ ẹ́, ló dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, torí pé ẹ óò máa rí ibi tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ sí. Àmọ́ tuntun rẹ̀ máa ń ní ọ̀rá lójú, íńkì á sì máa ṣù jọ lórí rẹ̀ bí ìrì orí ewé. Ẹ fi rọ́bà tí a fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́ ra ojú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta sórí àjákù bébà, ọ̀rá náà á kúrò.

Bí òǹtẹ̀ bá tóbi ju páàdì lọ, ẹ dojú rẹ̀ sókè, kí ẹ máa fi páàdì kàn án pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ títí ojú rẹ̀ á fi bò. Ẹ má tẹ òǹtẹ̀ mọ́ páàdì tagbáratagbára: íńkì á wọ àárín àwọn ìlà, àwòrán á sì sanra tàbí kó dí. Òǹtẹ̀ ike fẹ́ nǹkan rírọ̀ díẹ̀ lábẹ́ bébà, bíi fóòmù fẹ́lẹ́ tàbí ìwé ìròyìn bíi mélòó kan. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tààrà, ẹ fi ìka tẹ gbogbo ara rẹ̀, ẹ kà dé mẹ́ta, kí ẹ gbé e sókè tààrà. Mímì í síwá sẹ́yìn ló ń jẹ́ kí etí òǹtẹ̀ fara kan bébà, tí òjìji àwòrán kejì á fi yọ.

Páúdà àti ooru

Ibi tí àwòrán ti ń wú síta tó sì ń dán nìyí, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Páúdà embossing jẹ́ ike tí wọ́n lọ̀ kúnná. Ooru ló ń yọ́ ọ, bó bá sì tutù á le padà. Ohunkóhun tó bá tutù tàbí tó ní ọ̀rá lórí bébà ló lè dì í mú, yálà íńkì ni o, òógùn ọwọ́ ni o, tàbí ọ̀dà tí kò tíì gbẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ tọ́jú bébà kí òǹtẹ̀ tó kàn án. Ẹ di páúdà ara díẹ̀ sínú aṣọ fẹ́lẹ́, kí ẹ fi gbá ojú bébà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí ẹ nù ún kúrò. Ó máa ń fa ọ̀rá ọwọ́, kì í sì jẹ́ kí páúdà embossing lẹ̀ mọ́ ibi tí kò kàn án.

Ẹ fi íńkì embossing tẹ òǹtẹ̀. Láì jáfara, ẹ da páúdà lé e lórí púpọ̀, kí ó bo gbogbo rẹ̀; èyí tó bá kù kò ní ṣòfò. Ẹ ti ṣẹ́ bébà lásán kan po, kí ẹ sì tú u tẹ́ sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ da àjẹkù páúdà sórí ẹ̀, ẹ fi ìka ta ẹ̀yìn bébà tí ẹ tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ gba àjẹkù náà padà sínú ìkòkò rẹ̀. Bí ẹyọ páúdà kan bá ṣì wà níbi tí kò yẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbígbẹ gbá a kúrò nísinsìnyí. Lẹ́yìn tó bá ti yọ́, kò sí ohun tó máa mú un kúrò láì ha bébà.

Heat gun ni ẹ̀rọ rẹ̀, ìyẹn èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná gan-an láì fẹ́ ẹ líle. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun kò lè ṣe é: atẹ́gùn rẹ̀ á gbá páúdà lọ, ooru rẹ̀ kì í sì í tó yọ́ ọ. Ẹ tan heat gun, kí ẹ kọ ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 20 kó lè gbóná dáadáa. Ẹ wá gbé e sún mọ́ bébà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4, láti igun kan. Páúdà á kọ́kọ́ rí bí ó ti rí, lójijì á yọ́, á sì máa dán. Bẹ́ ẹ bá ti rí dídán yẹn, ẹ sún síwájú lójú ẹsẹ̀. Pákó tàbí táìlì ni kí ẹ gbé bébà lé, kì í ṣe tábìlì oníke. Ẹ sì fi ìdìmú aṣọ onígi di etí rẹ̀ mú. Ẹnu heat gun máa ń gbóná pẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá pa á, torí náà ẹ gbé e síbi tí ọmọdé kò lè dé, kí ìgò sípírítì má sì sún mọ́ ọn. Bí ẹ kò bá ní heat gun, ẹ lè kọ ẹ̀yìn bébà sí ojú áyọ́ọ̀nù gbígbóná láì jẹ́ kí páúdà kàn án. Á lọ́ra, àmọ́ ó ń yọ́ ọ.

Bí ojú àwòrán bá rí ṣákaṣàka bí èèpo ọsàn, ooru kò tíì tó. Ẹ tún gbé e padà síbi ooru. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tí bébà ibẹ̀ sì dà bí èyí tí òróró kán sí, ooru ti pọ̀ jù, páúdà ti wọnú bébà, kò sì sí àtúnṣe. Bí ihò bá wà nínú ìlà, íńkì ló kéré tàbí ó ti gbẹ kí páúdà tó dé. Bí lẹ́tà kéékèèké bá dí pa, páúdà ló rí ràbàtà jù: èyí tó kúnná jù lọ ni kí ẹ fi sí lẹ́tà àti ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi èyí tó nípọn sí àwòrán ńlá. Bébà tí ẹ fi ọ̀dà olómi kùn gbọ́dọ̀ gbẹ kanrin kí ẹ tó da páúdà sí i.

Páúdà funfun lórí bébà dúdú tàbí aró ni mo fẹ́ràn jù fún ọ̀rọ̀ ìkíni, kò sí íńkì funfun kan tó lè mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọ̀ íńkì fúnra rẹ̀ lẹ fẹ́ kó hàn, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú pigment, kí ẹ da páúdà aláìláwọ̀ lé e kíákíá. Dye kì í sábà dúró de páúdà.

Ọgbọ́n kan tún wà tó rọrùn tó sì wuyì. Ẹ fi páúdà aláìláwọ̀ ṣe embossing sórí bébà funfun, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ fi fóòmù kékeré pa íńkì dye mọ́ gbogbo ojú rẹ̀ ní yíyípo. Ẹ wá fi tíṣù gbígbẹ nu orí àwòrán náà. Íńkì kò lè wọlé níbi tí páúdà bò, nítorí náà àwòrán á yọ ní funfun láàárín àwọ̀.

Embossing tún wà tí kò lo íńkì tàbí ooru. Ẹ fi téèpù tí kì í ya bébà lẹ sítẹ́ńsù (ike tàbí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gé àwòrán sí lára) mọ́ ojú iwájú bébà, ẹ dojú rẹ̀ dé sára fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, kí ẹ fi irin olórí roboto tẹ etí àwòrán náà láti ẹ̀yìn. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, torí ẹni tó bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan á lu bébà.

Lílẹ̀ àti ìtọ́jú

Ẹ fi bébà tó ti ká kò sábẹ́ ìwé ńlá di ọjọ́ kejì. Téèpù olójú méjì ló dára jù láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì; gọ́ọ̀mù olómi máa ń mú bébà hunjọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí nǹkan ga sókè, téèpù onífóòmù ni, àmọ́ ẹ parí gbogbo iṣẹ́ ooru kí ẹ tó lò ó.

Ẹ nu òǹtẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù tó ní ọṣẹ díẹ̀, pàápàá lẹ́yìn pigment. Ẹ pa òǹtẹ̀ ike mọ́ kúrò nínú oòrùn, kó má bàa pọ́n kó sì gan. Páàdì íńkì gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ gbọọrọ, kí íńkì má bàa ṣàn jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní ti ọ̀rọ̀ inú káàdì, ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó lẹ bébà iwájú mọ́ ọn. Bí bíró bá ṣàṣìṣe, ara káàdì nìkan lẹ máa pààrọ̀, iṣẹ́ òǹtẹ̀ yín á ṣì wà lọ́wọ́ yín.